Gbèsè Àrán

Ìyá àgbà mi ní Sábẹ̀ẹ́ jẹ gbèsè àrán kan kú.
Bàbá Fáṣùyì, aláṣọ àwìn, ará Iléṣà,
ló wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn láyé ọjọ́un:
n ò ní í dìde, àfi bí mo bá gbowó mi.
Òjò ló lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa.
Kò padà wá mọ́.

Mo di sẹ́fà mọ́ etí ìró mi,
mo gba Ìmẹ̀kọ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.
Aṣọ́bodè ní kí ni mò ń lọ ṣe.
Mo ní mo fẹ́ lọ san gbèsè.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó wá lu ìwé mi lóǹtẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó dé Òkèṣà.
Ilẹ̀ ti ṣú, iná ò sí,
obìnrin kan na àtùpà jáde lójú fèrèsé:
"Ta nì yẹn?"
Mo ní ọmọ ọmọ Ìyá Aláràn-án ni, láti Sábẹ̀ẹ́.
Kò bèèrè bí mo ṣe mọ ilé.
Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ìbídàpọ̀ ni, àbígbẹ̀yìn Fáṣùyì.
*Uyán* ló ń pe iyán, *ulé* ló ń pe ilé,
ẹnu mi ṣì ń wá ibi tí u ti wọlé
nígbà tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Aládùúgbò kígbe pé ta ló ń gúnyán lóru.
"Àlejò ni!"
Ariwo dáwọ́ dúró.
Kò pẹ́, ọwọ́ kan yọ lórí ògiri
pẹ̀lú abọ́ ẹran òyà.
N ò rí ojú ẹni tó ni ọwọ́ títí mo fi kúrò ní Iléṣà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n mú mi lọ sóko.
Káṣú la ní nílé wa, n ò tọ́ kòkó lá rí:
funfun, ó ń yọ̀ lẹ́nu, ó dùn, ó tún kan díẹ̀,
àwọn ọmọdé ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.
Ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná lójúlé kìíní,
ẹ̀kọ àti ẹ̀bòlò lójúlé kejì.
Ní ojúlé kẹta mo purọ́ pé inú ń run mí.
Wọ́n bu ẹ̀kọ gbígbóná fún inú rírun.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo tú etí ìró,
mo ka owó sórí àga.
Ìbídàpọ̀ ò fọwọ́ kàn án.
Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé kan jáde tí ikán ti jẹ létí,
ó fi ìka tọ ìlà kan:
*Ìyá Sábẹ̀ẹ́. Àrán kan. Ó ku ṣílè mẹ́jọ.*
Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì mìíràn:
*Òjò. Mo sùn síbẹ̀ lóru mẹ́ta. Iyán àti ẹja Ọ̀pàrà.
Kò jẹ́ kí n lọ.*

Ìyá àgbà ò sọ èyí fún wa rí.

Mo ní kí ó gba owó rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.
Ó ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́,
tèmi ti lé ní àádọ́ta, n ò lè dì í mú.
Mo gbé báàgì.
Ìbídàpọ̀, ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn,
lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, abọ́ iyán lọ́wọ́:
"N ò ní í dìde, àfi bí o bá jẹ ẹ́ tán."
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán.
Àwa méjèèjì la fa ara wa dìde.

Nínú ọkọ̀, ìró ò ṣe é so mọ́,
kókó owó yẹn ń gún mi níkùn.

Aṣọ́bodè ọjọ́sí ló wà níbẹ̀.
"Ìyá, ṣé ẹ ti san án?"
Mo ní, ó ti lé sí i.